Ó Dilé Ká Tó Kí Ara Wa ní Pẹ̀lẹ́

Bí ẹ bá wà lókè bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Blackley láàárọ̀ Sátidé kan, nígbà tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ẹ gbọ́ tí ọmọbìnrin kan ń ké bí abo tòlótòló, tí bàbá arúgbó kan jókòó tì í tó ń mi orí pé, "Rárá o, tún un ké, èyí jọ ti ẹni tí eyín ń dùn," ẹ má wò ó jìnnà, èmi ni. Bàbá Àgbà mi sì ni bàbá yẹn. Ẹ dákun, ẹ má bínú sí wa. Iṣẹ́ là ń ṣe.

Bàbá Àgbà ti lọ báyìí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ ni àwọn ènìyàn ti ń wọlé wọ̀de nílé wa ní Newton Heath láti wá kí Dádì, ohun kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ: "Ènìyàn jẹ́jẹ́ mà ni bàbá yẹn o. Bàbá yẹn kì í sọ̀rọ̀." Jẹ́jẹ́ kẹ̀! Yàrá ìdáná ni mo wà tí mò ń gbọ́ wọn, ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún náà ń gbọ̀n mí. Bàbá tí mo mọ̀ lè bá tẹlifíṣọ̀n jà láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ìyẹn ni bí wọ́n bá gbọ́ ìró ẹran nítòsí. Bí ẹ bá rí Bàbá Àgbà tí wọ́n dákẹ́, ẹ yáa wo ẹ̀yìn yín.

Ọdẹ ni wọ́n. Kì í ṣe ọdẹ tó ń ṣọ́ géètì o! Ọdẹ inú igbó ni, ní ìlú wa ní Ìbàràpá. Bàbá wọn dẹ igbó, bàbá bàbá wọn náà dẹ igbó. Nígbà tí Màmá Àgbà kú ni Dádì ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Manchester, pé ilé ti tóbi jù fún ẹnì kan láti dá gbé. Báàgì kan ni wọ́n gbé dé. Ẹ̀lùbọ́ àti irú ló wà ní ìdajì rẹ̀. Ìdajì kejì, gbérí ọdẹ wọn ni, ẹ̀wù tí wọ́n fi ń wọ igbó, tí kò ní àwọ̀ kan pàtó mọ́, tó ń rùn èéfín àti ẹ̀tù ìbọn.

Àtorí àtẹ̀gùn ni Mọ́mì ti gbóòórùn rẹ̀. Iṣẹ́ care ni Mọ́mì ń ṣe, ilé dé ilé ni wọ́n ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó, wọn ò sì lè rí ohun tó dọ̀tí kí ara wọn balẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, gbérí ti fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Bàbá Àgbà, tí orúnkún ń dùn láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, fò dìde, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n fi ara dí ẹnu ẹ̀rọ náà bíi gólì. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ìdọ̀tí tí o fẹ́ fọ̀ dànù yẹn, gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi kó o jọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí gbérí yẹn fi ká wọn lára tó bẹ́ẹ̀. Nílé wa, bí ọdẹ bá kú, ọmọ tí ó mú wọ igbó, tí ọmọ náà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ẹran bọ̀, òun ni gbérí kàn. Bí kò bá sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á wọ gbérí fún òkú, wọ́n á sin ín mọ́ ọn, ilé ọdẹ yẹn ti tì nìyẹn títí láé. Dádì nìkan sì ni ọmọ tí Bàbá Àgbà bí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n mú Dádì wọ igbó nígbà èwe. Ìjàlọ wọ inú ṣòkòtò Dádì, Dádì sá délé láì ní ṣòkòtò nídìí, láti ọjọ́ náà ló ti jẹ́ ìwé, ìwé, ìwé. Bí àlejò bá wá ń yin Dádì pé wọ́n kàwé débi tí wọ́n fi kó gbogbo ilé wá sí ìlú òyìnbó, Bàbá Àgbà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ìjàlọ ni kẹ́ ẹ yìn. Òun ló bá mi fi ọmọ sílé ìwé."

Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń dùn wọ́n. Mo mọ̀. Mo ti rí wọn tí wọ́n gbé gbérí sórí itan, tí wọ́n ń fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀, tí wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ pé, "Ó jọ pé èmi àti ìwọ la jọ ń lọ o." Bàbá Àgbà ò bẹ̀rù ikú. Pé àwọn ló máa ti ilẹ̀kùn tí baba ńlá àwọn ṣí, ìyẹn gan-an ló ń bà wọ́n lẹ́rù.

Mo kọ́kọ́ rò pé wọn ò ní lè fara da ibí. Irọ́ gbáà! Ṣe ni wọ́n sọ Newton Heath di igbó. Wọn kì í rìn láàárín títì, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n máa ń gbà. Wọ́n mọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó ń da ìdọ̀tí wa nù, wọ́n mọ ibi tó ń gbà wọlé, wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ń dùn ún. Lọ́jọ́ kan mo mú wọn lọ sí páàkì, la bá rí òyìnbó kan tó na ẹ̀pà, tí ọ̀kẹ́rẹ́ sì wá gbà á ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bàbá Àgbà gbá mi lápá mú. "Àbẹ̀ní! O rí i? Ẹran ń gba ẹ̀pà lọ́wọ́ ènìyàn!" Àyà mi já. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un o, wọ́n á kó wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá." Wọ́n wò mí bí ẹni tí mo bú. Wọ́n ní, "Ẹran tó bá ti fọkàn tán ènìyàn, ọdẹ kì í fọwọ́ kàn án."

Ẹ wá gbọ́ bí tòlótòló ṣe dé o.

Mo ti wọ yunifásítì nígbà náà, Hulme ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n kò sí òpin ọ̀sẹ̀ tí n kì í wá jẹ oúnjẹ Mọ́mì. Lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun, Mọ́mì ń sọ̀rọ̀ nípa ibi iṣẹ́ wọn. Wọ́n ń tọ́jú bàbá òyìnbó kan lẹ́yìn Blackley, níbi tí ilé ti ń tán tí pápá ń bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó bàbá yẹn, Màmá Jánẹ́ẹ̀tì, ń sin tòlótòló tí wọ́n ń tà nígbà Kérésìmesì. Akọ kan ti sá kúrò nínú ọgbà, ó ti di ẹran igbó, inú igbó ẹ̀yìn oko ló ń sùn. Ó ti lu ajá wọn. Ó ti lé ẹni tó ń pín lẹ́tà. Gaffer ni wọ́n ń pè é, ọ̀gá pátápátá. Màmá Jánẹ́ẹ̀tì ní ẹni tó bá lè mú un, kó máa gbé e lọ.

Bàbá Àgbà dákẹ́. Mo ti sọ fún yín. Mo wo ẹ̀yìn mi.

Dádì ti mọ ohun tó ń bọ̀. Wọ́n ní, "Bàbá, ìlú òyìnbó nìyí o. Ẹ ò ní ìwé ìbọn."

"Ta ló dárúkọ ìbọn?"

"Òtútù ńkọ́?"

"Ta ló bá òtútù wí?"

"Orúnkún yín ńkọ́, Bàbá?"

Bàbá Àgbà wo orúnkún wọn, wọ́n wo Dádì, wọ́n wá na ìka sí mi. "Orúnkún tirẹ̀ ńkọ́?"

Adìẹ wà lẹ́nu mi. Èmi kẹ̀? Èmi tí mò ń sá fún aláǹtakùn ní balùwẹ̀! Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń rí aláǹtakùn, ó ń wo ilẹ̀ nìyẹn. Ọdẹ ló ń wo ilẹ̀." Dádì fi ọwọ́ bo ojú, Mọ́mì sì tẹ Màmá Jánẹ́ẹ̀tì láago.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọdẹ ṣíṣe ni kéèyàn kàn wọ igbó lọ, ẹ máa wolẹ̀. Ìkẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀ ju ti yunifásítì lọ. Bàbá Àgbà kọ́kọ́ lọ jókòó lẹ́bàá ọgbà àwọn abo tòlótòló, wọ́n ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, èyí tó jẹ́ ti ìbínú, èyí tó jẹ́ ti ebi, èyí tí abo fi ń pe akọ. Wọ́n fi okùn hun àwọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ ké bí abo, kò bọ́ sí i, nítorí eyín iwájú ti lọ, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ jáde. Wọ́n gbìyànjú títí. Wọ́n ní, "Tèmi ti di súfèé. Ohùn rẹ ló kù." Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ké nìyẹn: kíọ́ù, kíọ́ù, kíọ́ù. Mo ké nínú yàrá mi ní Hulme títí ọmọ tó ń gbé yàrá kejì fi kan ilẹ̀kùn pé ṣé kò sí nǹkan. Mo ní kò sí o, assignment ni.

Sátidé àkọ́kọ́, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tá a fi dé inú igbó. Bàbá Àgbà wọ gbérí lé kóòtù Dádì. Mo ké. Kò sí nǹkan. Mo tún ké. Láti inú kùrukùru ni nǹkan ti dáhùn: tòlótòlótòló! Háà! Gbogbo irun ara mi ló dìde. Ó ń bọ̀, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ewé gbígbẹ. Bàbá Àgbà gbé ẹsẹ̀ kan pé kí àwọn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbòǹgbò igi kọ́ wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹnu mi sì là fúnra rẹ̀:

"Ẹ PẸ̀LẸ́ O, BÀBÁ!"

Igbó mì tìtì. Gaffer fò lọ, ìyẹ́ kan ló ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi dá a, ọmọ Yorùbá wo ni àgbà máa kọsẹ̀ lójú rẹ̀ tí kò ní kí i ní pẹ̀lẹ́? Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi ló sọ ọ́. Bàbá Àgbà ò bá mi wí. Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n tó la ẹnu, tí wọ́n ń wo ojú fèrèsé. "Àbẹ̀ní, ìyá rẹ kọ́ ẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú igbó, a kì í kí ara wa ní pẹ̀lẹ́. Ó dilé."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo fi jẹ ìyà ẹ̀kọ́. Bàbá Àgbà á mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ gbá àga, wọ́n á pariwo "Yéè!", wọ́n á máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí. Èmi á pa ẹnu mi dé. Wọ́n á ju ṣíbí sórí ẹsẹ̀ ara wọn, èmi á máa wo òkè àjà. Mọ́mì ò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀. Mọ́mì gbaná jẹ mọ́ mi: "Ṣé ohun tí yunifásítì ń kọ́ ẹ nìyẹn? Bàbá ń jẹ̀rora, o ò lè kí wọn? Irú ọmọ wo nìyí!" Bàbá Àgbà jókòó síbẹ̀, wọn ò gbà mí sílẹ̀, ẹ̀rín ń gbọn èjìká wọn. Nígbà tí Mọ́mì jáde, wọ́n yọ́ sọ fún mi pé, "Ó ń múná. Ó kù díẹ̀."

A tún lọ. Lọ́tẹ̀ yìí Bàbá Àgbà dùbúlẹ̀ sínú ìtàkùn ẹlẹ́gùn-ún lápá kan, kí Gaffer má baà rí ibẹ̀ gbà sá. Èmi lọ́ wọ ẹ̀yìn igi tó wó lápá kejì pẹ̀lú àwọ̀n. Mo ké. Ó dáhùn. Mo ké, ó tún dáhùn, ó ti sún mọ́ tòsí. Ó wá yọ! Ẹ gbà mí o! Ẹyẹ ńlá, ó tan ìrù sílẹ̀, orí rẹ̀ ń pọ́n ó ń dúdú, ó ń rìn bí baálẹ̀ tó fẹ́ dá ẹjọ́.

Ó kọjú sí mi, ó wá dúró. Aago ọwọ́ Bàbá Àgbà ń dán nínú ìtàkùn. Ó lọ bá a. Ó fi ẹnu sọ ọ́, gbà! Bàbá Àgbà ò mira. Ó tún sọ ọ́, ó tún sọ ọ́, ó ti kúrò lórí aago, ọwọ́ ló ń sọ báyìí. Mo rí ẹ̀jẹ̀. Ibi tí mo lúgọ sí ni mo ti rí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ bàbá bàbá mi, wọ́n sì dùbúlẹ̀ bí igi, ojú wọn ń wò mí, wọn ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Pẹ̀lẹ́ gun ọ̀nà ọ̀fun mi wá. Ó dé ẹnu. Ó dé ahọ́n. Ó gbóná bí iyán tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún. Mi ò lè gbé e mì, mi ò sì gbọdọ̀ sọ ọ́. Mo bá la ẹnu, mo fi ohùn abo tòlótòló gbé e jáde: kíọ́ù, kíọ́ù, kíọ́ù. Mo mọ̀ pé n ò ké e dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Gaffer gbé orí. Ó fi ọwọ́ Bàbá Àgbà sílẹ̀. Ó sáré bọ̀ wá bá mi, eré àsápajúdé, mo dìde, mo ju àwọ̀n, mo sì ju ara mi lé e! Ó fi ìyẹ́ gbá mi létí, ó fi èékánná fa kóòtù mi ya, a yí nínú ẹrẹ̀, mi ò jẹ́ tú u sílẹ̀. Nígbà tí mo máa gbé ojú sókè, Bàbá Àgbà ti wà lórí ìdúró. Wọ́n gbé ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sókè, wọ́n sì kí mi bí ọdẹ ṣe ń kí ọdẹ:

"Àrìnpa o!"

Ẹnikẹ́ni ò kí mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo bú sẹ́kún, mo tún ń rẹ́rìn-ín, ẹrẹ̀ wà nínú eyín mi. Màmá Jánẹ́ẹ̀tì sáré dé pẹ̀lú bàtà òjò àti aṣọ ìsùn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń sọ pé àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn ni wọ́n bá wa pa á, torí àwọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ yìí. Mo rò pé ìyẹn á bà á jẹ́, pé kì í ṣe èmi ni mo pa á. Mo bi Bàbá Àgbà. Wọ́n ní, "Ẹni tó mú un ló pa á. Ọ̀bẹ kàn bá a parí ọ̀rọ̀ ni."

Nínú bọ́ọ̀sì, tòlótòló wà nínú báàgì lẹ́sẹ̀ wa, áńkáṣíìfù wà ní ọwọ́ Bàbá Àgbà, ẹ̀jẹ̀ ti la inú rẹ̀ já. Mi ò sọ nǹkan kan. Wọn ò sọ nǹkan kan. A sọ̀ kalẹ̀ ní Newton Heath, a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ṣí ilẹ̀kùn, Bàbá Àgbà gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Mo fi orúnkún mi méjèèjì kúnlẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá."

"Wàyí o!" ni wọ́n wí. "Ó dùn mí gan-an ni, Àbẹ̀ní! Yéè, ọwọ́ mi o! Ẹ gbà mí, tòlótòló ti jẹ mí tán!" Gbogbo igbe tí wọ́n gbé mì nínú igbó ni wọ́n pọ̀ jáde ní pálọ̀, Mọ́mì ń sá kiri wá bándéèjì, Dádì ń sọ pé, "Ṣé mo wí, àbí mi ò wí?" Mi ò gbọ́ igbe tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ọdẹ kì í jẹ nínú ẹran àkọ́kọ́ rẹ̀ nílé wa. Ẹ fojú inú wo ìyà yẹn. Mọ́mì din ín, wọ́n rì í sínú ọbẹ̀ ata, òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò, èmi wá jókòó ti ẹ̀wà. Bàbá Àgbà fi ìwọ̀nba eyín tó kù jẹ ìtan rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ń wo ojú mi. "Ó le díẹ̀," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n ó dùn bí ọ̀rọ̀ ọmọ."

Nígbà tí àìsàn dé, a gbé bẹ́ẹ̀dì wọn wá sí pálọ̀. Mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, mo máa ń ti ibi shift wá jókòó tì wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ikọ́ mú wọn, ó gbọ̀n wọ́n jìgìjìgì. Mo di ọwọ́ tí àpá ẹnu tòlótòló wà mú, ọ̀rọ̀ ò sì jáde lẹ́nu mi. Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n ní, "O ò kí mi."

Mo ní, "Bàbá, mo rò pé inú igbó la wà."

Ẹ̀rín mú wọn, ikọ́ tún fẹ́ bá a dé. Wọ́n tẹ ọwọ́ mi. "Òótọ́ ni. Inú igbó ṣì ni. Ó kù díẹ̀ ká délé."

Wọ́n lọ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ní òwúrọ̀, láì pariwo.

Àwọn tó ń tọ́jú òkú ní kí Dádì mú aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ fún Bàbá wá. Dádì mú agbádá funfun kan jáde. Wọ́n wá mú gbérí jáde, wọ́n dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ọwọ́ wọn. Mo mọ òfin ilé wa, ṣùgbọ́n obìnrin ni mí, tòlótòló olóko ni ẹran mi, Manchester sì ni igbó mi, bí Dádì bá sọ pé ìyẹn ò tó, kí ni mo fẹ́ wí? Dádì gbé e sún mọ́ imú, wọ́n fa òórùn rẹ̀ sínú, èéfín àti ẹ̀tù àti ẹrẹ̀ ẹ̀yìn Blackley. Wọ́n wá bá mi, wọ́n wọ̀ ọ́ sí mi lọ́rùn fúnra wọn, wọ́n to èjìká rẹ̀ bí ẹni ń múra fún ọmọ iléèwé. Wọ́n ní, "Má fọ̀ ọ́ o."

Bí mo ṣe wọ̀ ọ́ lọ sí itẹ́ òkú nìyẹn, lórí kóòtù dúdú, tó ń rùn láàárín gbogbo ènìyàn. Mi ò bìkítà! Inú mi dùn, ẹ má fi ṣe ìbínú, inú mi dùn lójú sàréè bàbá bàbá mi, torí ilẹ̀kùn ò tì. Nígbà tó kàn mí láti sọ̀rọ̀, mo kọ́kọ́ ké bí abo tòlótòló, kíọ́ù, kíọ́ù, kíọ́ù. Àwọn kan wo ara wọn. Màmá Jánẹ́ẹ̀tì rẹ́rìn-ín láàárín omijé lẹ́yìn. Dádì tẹ orí ba. Wọ́n ti sọ pósí kalẹ̀, wọ́n ti gbé e délẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sí ibi kan tí a tún ń lọ mọ́. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo sì kí wọn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá. Ẹ ti délé."